Ta Ni Yóò Padà Wá? Ìwádìí Àìsàn Iṣan Ìmọ̀lára láti Òsósà dé Ìkẹjà

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí àwọn onímọ̀ ṣe ń wádìí ìrìn àìsàn ọpọlọ àti iṣan ìmọ̀lára tó ṣọ̀wọ́n. Mo gbà á tayọ̀tayọ̀, torí ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí ilé bí ọ̀pọ̀ ti rò. Láàárín Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú ni ọ̀kan nínú irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ti wáyé, àwọn oníṣègùn káàkiri ayé sì ń tọ́ka sí i títí di òní.

Ohun tí mo ní í sọ kò pọ̀. Àìsàn tó bá ń rìn díẹ̀díẹ̀, ẹni tó rí aláìsàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò tíì rí àìsàn náà. Ẹni tó padà wá wò ó lẹ́yìn ọdún kan, lẹ́yìn ọdún márùn-ún, lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, òun ló rí i. Agbègbè tiwa yìí, láti Ìkẹjà dé Agége, sì wà lára ibi tó ṣòro jù láti padà wá bá ènìyàn níbi tí a fi í sí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí àìsàn tí wọ́n wádìí lágbègbè Ìjẹ̀bú yẹn ṣe ń wọlé. Yóò dà bí ẹni pé èèrà ń rìn ní àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹni náà á fọ ẹsẹ̀, á fi àdí pa á, èèrà kò ní lọ. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ á gòkè dé ọrùn ẹsẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ á wá kú, bàtà sílípáàsì á bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lójú títì, kò ní mọ̀ títí ẹlòmíì á fi pè é padà. Lálẹ́ tí iná bá lọ, kò ní lè rìn dé ilé ìwẹ̀ láìgbá ògiri mú. Òwúrọ̀ ni àṣírí sábà máa ń tú: ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ bẹ́sìnnì láti bọ́jú, ọṣẹ dé ojú, ó di ojú méjèèjì, ó sì ṣubú. Kì í ṣe òòyì ló kọ́ ọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò rán iṣẹ́ sí ọpọlọ mọ́ pé ilẹ̀ rèé, ojú nìkan ló kù tó ń gbé e dúró, nígbà tí ojú sì pa dé, kò sí ohun tó kù. Àwọn dókítà mọ̀ ọ́n, òun ni wọ́n ń dán wò nígbà tí wọ́n bá ní kí aláìsàn kó ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, kó dìde dúró ṣánṣán, kó wá di ojú. Bó bá ń mì síwá sẹ́yìn, wọ́n ti mọ ibi tí wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Àìsàn náà kì í dúró lórí ẹsẹ̀ nìkan. Lára ọ̀pọ̀, ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Lára àwọn mìíràn, etí á di. Ọdún púpọ̀ ló ń gbà.

Àwọn onímọ̀ ti ń rí ìyọnu yìí láti ayé òyìnbó amúnisìn. Henry Strachan, dókítà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan, kọ nípa irú rẹ̀ ní Jàmáíkà ní òpin ọ̀rúndún 19: ẹsẹ̀ tó ń jó ni, ojú tó ń ṣú, etí tó ń di. Èkó ni wọ́n gbé ọkùnrin náà wá lẹ́yìn náà, ó sì di ọ̀gá àwọn dókítà ìjọba níbí. Ní àwọn ọdún 1930, dókítà ojú kan tó ń jẹ́ Moore rí àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń gbé ilé ìwé ní gúúsù Nàìjíríà tí ojú wọn ń ṣú, tí oúnjẹ wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju ẹ̀gẹ́ lọ. Ó ṣàkíyèsí pé bí wọ́n bá yí oúnjẹ wọn padà, ara wọn máa ń sàn. Ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí rí i, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì kọjá lọ.

Ẹni tó jókòó tì í ni Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí ní Èkìtì, tí wọ́n bí ní 1935. Ìbàdàn ló ti ṣiṣẹ́, ní ilé ìwòsàn ńlá UCH. Ní 1968 ó gbé ìwé gbọọrọ kan jáde nínú Brain, ìwé àtìgbàdégbà tí àwọn onímọ̀ ọpọlọ bọ̀wọ̀ fún gan-an, lórí àìsàn ẹsẹ̀ títa gọ̀ọ́gọ̀ọ́ yìí ní Nàìjíríà. Kò fi mọ sórí wíwo ẹsẹ̀ nìkan. Ó yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ó yẹ ìtọ̀ wò, ó fi ẹ̀rọ wọn bí iná inú iṣan ìmọ̀lára ṣe ń yára tó. Ohun tó rí nínú ẹ̀jẹ̀ wọn dọ́gba pẹ̀lú ohun tí ẹni tó ń jẹ sáyánáìdì díẹ̀díẹ̀ láti inú ẹ̀gẹ́ yóò ní. Àwọn tó ṣàìsàn náà jẹ́ ẹni tí oúnjẹ wọn láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́ jẹ́ ẹ̀gẹ́, tí ẹran àti ẹja kì í sì í pọ̀ nínú ọbẹ̀ wọn. Ní 1970, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán àwọn fítámì kan wò lára àwọn aláìsàn láti mọ̀ bóyá yóò dá iṣan wọn padà. Kò dá a padà.

Kí ẹ̀rù má bà yín, ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i n óò padà sórí gàrí.

Nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 1969, Ọ̀ṣúntókun, Monekosso àti Wilson jáde kúrò ní ilé ìwòsàn, wọ́n lọ sí ìgbèríko. Ẹ ronú ohun tí èyí túmọ̀ sí nígbà náà: aláìsàn tó bá dé UCH ti ní owó ọkọ̀, ó ti ní ẹni tó tì í lẹ́yìn. Àwọn tí kò lè wá ńkọ́? Ọ̀kan nínú àwọn ìlú tí wọ́n yẹ̀ wò ni Òsósà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìjẹ̀bú-Òde, ìlú Hubert Ògúndé tí gbogbo wa mọ̀. Wọ́n rí i pé bí ènìyàn méjì nínú ọgọ́rùn-ún, 2.2 gan-an, ló ní àìsàn náà. Ní gbogbo ayé, àìsàn tó ṣọ̀wọ́n ni. Ní Òsósà, a lè rí i ní ọ̀pọ̀ agbo ilé.

Lẹ́yìn èyí, ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ìwádìí ni pé ìwé á jáde, ẹni tó kọ ọ́ á di ọ̀jọ̀gbọ́n, ìlú á sì gbàgbé. Òsósà kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, Dókítà Olúwọlé láti Ìbàdàn padà lọ síbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Lára wọn ni Hans Rosling, ará Sweden tí ọ̀pọ̀ mọ̀ nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí ìṣirò ayé. Ṣáájú ìgbà tó di gbajúmọ̀, ó ti ṣiṣẹ́ ní Mozambique lórí àwọn tí ẹ̀gẹ́ rọ lẹ́sẹ̀. Wọ́n ka gbogbo ará ìlú, 4,583. Wọ́n yẹ 3,428 wò nínú àwọn tó ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Nínú wọn, 206 ló ní àìsàn náà. Ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn, nígbà tí ti 1969 jẹ́ 2.2. Nínú àwọn obìnrin tó wà láàárín ọmọ ọgọ́ta ọdún sí mọ́kàndínláàádọ́rin, ó tó 24 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ìyá kan nínú mẹ́rin nìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí iye yẹn. Ní ọgbọ̀n ọdún náà, wọ́n ti la títì sí i, wọ́n ti kọ́ ilé ìwé, owó epo ti wọ̀lú, tí ó sì ti jáde. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ, wọ́n ì bá sọ pé àìsàn tí òyìnbó àtijọ́ kọ̀wé nípa rẹ̀ ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ìpadàbọ̀ nìkan ló fi hàn pé ó ń pọ̀ sí i.

Ìpadàbọ̀ náà tún ṣe ohun kejì, tó ṣòro ju ti àkọ́kọ́ lọ. Olúwọlé kò kà wọ́n kó sì lọ. Ó tẹ̀ lé àwọn tí ara wọn ṣì dá, kó lè mọ ẹni tuntun tí yóò bọ́ sínú àìsàn náà. Ìwé rẹ̀ tó jáde ní 2003 sọ pé nínú ẹgbàárùn-ún ènìyàn, bí 64 ló ń kó o tuntun lọ́dọọdún, àwọn obìnrin ló sì pọ̀ jù. Ó wá fi iye sáyánáìdì tí ń wọ ara àwọn ará ibẹ̀ wé ti ìlú tí kò sí àìsàn náà, kò sì rí ẹ̀rí pé sáyánáìdì ló fà á. Ohun tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ti ń kọ́ ọmọ wọn fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ṣáájú ìgbà náà ni ó fi ìbéèrè sí lára. Mo rí i bí ìwà ọmọlúàbí nínú ìmọ̀: ẹni tó wá lẹ́yìn kò bu ọlá àgbà kù, ó sì sọ ohun tó rí. Títí di òní, ọ̀rọ̀ ohun tó fà á gan-an kò tíì yanjú. Bóyá ẹ̀gẹ́ ni, bóyá àìjẹ amáralókun tó pọ̀ tó ni, bóyá méjèèjì pọ̀, bóyá ohun mìíràn tí kò sí ẹni tó ti wò.

Ó yá, gàrí. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, mo mọ̀ pé láàárín iṣẹ́ àárọ̀ àti iṣẹ́ alẹ́ ní ilé iṣẹ́ yín, ọ̀pọ̀ yín ń rẹ gàrí Ìjẹ̀bú, ẹ ń fi ẹ̀pà sí i, ẹ ń fi ṣúgà sí i. Kò sí ẹni tó ní kí ẹ dá a dúró. Nàìjíríà ló ń gbin ẹ̀gẹ́ jù ní ayé, gàrí sì ti gbé ẹgbẹ̀ẹ́gbẹ̀rún ọmọ dé yunifásítì. Sáyánáìdì tó wà nínú ẹ̀gẹ́ tútù, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ìyá wa ló ń lé e lọ: wọ́n á bó o, wọ́n á rin ín, wọ́n á kì í sínú àpò, wọ́n á gbé òkúta lé e kí omi rẹ̀ ro dànù, wọ́n á fi í sílẹ̀ kí ó kan, kí wọ́n tó sẹ́ ẹ, kí wọ́n tó yan án. Ìkan gàrí Ìjẹ̀bú tí ẹ fẹ́ràn yẹn, ọjọ́ tó fi jókòó sínú àpò ló ń sọ. Ẹni tó bá ń kánjú owó, tó yan án lọ́jọ́ kejì, òun ló yẹ kí a bá wí. Ohun tí mo máa sọ fún yín ni pé kí gàrí má ṣe dá nìkan wà. Ẹja, ẹ̀wà, ẹyin, edé, ohun tí apá bá ká. Ìmọ̀ràn yìí kò ní pa ẹnikẹ́ni lára, ohunkóhun tí ìwádìí ọ̀la bá wí.

Àìsàn ìrìn mìíràn wà ní ilẹ̀ wa tí ìtàn rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Ní 1958, Wright àti Morley, tó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, kọ̀wé nípa àwọn ènìyàn tí ara wọn dédé ń gbọ̀n, tí wọ́n ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí, tí iyè wọn ń ra. Ìgbà òjò ló ń dé. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ọ̀pọ̀ wọn á dìde. Ọdún tó ń bọ̀, òjò á dé, àwọn mìíràn á tún dé. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí Bọ́lá Adámọ́lẹ́kun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ tó tú u wò: kòkòrò tó ń jẹ ewé igi arère, tí àwọn ènìyàn ń yan jẹ lásìkò òjò nítorí pé ẹran wọ́n, ní èròjà kan nínú tó ń ba fítámì B1 jẹ́ nínú ara. Ẹni tí fítámì náà kò pọ̀ lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó jẹ ẹ̀bà, tó fi kòkòrò náà ṣe ẹran, ọpọlọ rẹ̀ á dàrú. Ní 1994, wọ́n fún apá kan àwọn aláìsàn ní fítámì B1, wọ́n fún apá kejì ní oògùn tí kò ní nǹkan nínú, aláìsàn kò mọ èyí tó gbà, ẹni tó ń yẹ̀ wọ́n wò náà kò mọ̀. Àwọn tó gba fítámì ló yára sàn. Ẹ wo ìyàtọ̀ náà: àìsàn Iléṣà yanjú nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ló ń padà wá lọ́dọọdún. Ti Òsósà kò ní ìgbà, kò ní àkókò, àfi kí ènìyàn padà lọ bá a.

Àìsàn kẹta tí mo fẹ́ mẹ́nu bà ni èyí tí òyìnbó ń pè ní motor neurone disease. Òun ló mú Stephen Hawking, onímọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n rí i lára rẹ̀ ní 1963, tí kò sì kú títí di 2018. Ọ̀pọ̀ kì í ní ọdún tó bẹ́ẹ̀. Iṣan tó ń darí ẹran ara á máa kú, ọwọ́ á gbẹ, ahọ́n á wúwo, ọkàn ènìyàn á sì dá ṣáká. Ní 1974, Ọ̀ṣúntókun, Adéùjá àti Bádémọ̀sí gbé ìwé jáde lórí aláìsàn 92 ní Nàìjíríà tí wọ́n tẹ̀ lé, láti mọ bí yóò ti pẹ́ tó àti ọ̀nà tí yóò gbà. Aláìsàn 92, ní ayé tí kò sí fóònù alágbèéká! Mo bọ̀wọ̀ fún wọn.

Lónìí ọ̀nà ìwọ̀n kan wà tí gbogbo ayé ń lò fún àìsàn náà. Ìbéèrè méjìlá ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti òdo dé mẹ́rin, ẹni tí ara rẹ̀ dá á gba 48. Wọ́n ń bi í bó ṣe ń sọ̀rọ̀, bó ṣe ń gbé itọ́ mì, bó ṣe ń kọ̀wé, bó ṣe ń yí padà lórí ibùsùn, bó ṣe ń gun àtẹ̀gùn, bó ṣe ń mí. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta, wọ́n á tún béèrè, ìyàtọ̀ àárín máàkì méjì ni wọ́n fi ń mọ bí àìsàn ṣe ń yára tó. Ọ̀nà ìwọ̀n tó dára ni. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn ìbéèrè náà jẹ́ bí aláìsàn ṣe ń fi ọ̀bẹ gé oúnjẹ. Màmá kan ní Òrílé Agége tí kò fi ọ̀bẹ jẹun rí láyé rẹ̀, kí ni nọ́ọ̀sì yóò kọ sílẹ̀ fún un? Ó yẹ kí a bi í pé ṣé ó ṣì ń bu òkèlè, ṣé òkèlè ń bọ́ kí ó tó dé ẹnu, ṣé ó ń dá ìró rẹ̀ so, ṣé ó ń gun dáńfó láìjẹ́ pé kọ́ńdọ́ gbé e. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń kọ́ ìṣègùn: ẹ má ṣe kàn túmọ̀ ìbéèrè òyìnbó. Ẹ wo ohun tí ọwọ́ àwọn ènìyàn wa ń ṣe lójoojúmọ́, kí ẹ fi ìyẹn wọ̀n ọ́n.

Bí a bá tẹ̀ lé ènìyàn pẹ́, kí la ń rí gbà? Ní Ìdíkàn, Ìbàdàn, láti 1992, Ọ̀ṣúntókun kan náà, àti Adéṣọlá Ògúnníyì lẹ́yìn rẹ̀, bá àwọn ará Indianapolis ní Amẹ́ríkà ṣe ìwádìí ìgbàgbé arúgbó. Wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀. Ní 2001 wọ́n sọ pé iye àwọn tí Alzheimer, irú ìgbàgbé yìí kan, ń mú lọ́dọọdún jẹ́ 1.15 nínú ọgọ́rùn-ún lára àwọn Yorùbá náà, ó sì jẹ́ 2.52 lára àwọn adúláwọ̀ Indianapolis. Ọ̀ṣúntókun kò rí èsì náà. Ó ti kú ní 1995. Ní Èkó níbí, ní Ìdí-Àràbà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Njideka Okubadejo ti kó orúkọ àwọn tó ní Parkinson, àìsàn ìgbọ̀n-ara, jọ fún ọ̀pọ̀ ọdún pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ káàkiri Nàìjíríà. Parkinson kì í ṣe àìsàn tó ṣọ̀wọ́n, àmọ́ ìtàn rẹ̀ bá ọ̀rọ̀ wa mu. Ní 2023, pẹ̀lú àwọn onímọ̀ ní òkè òkun, wọ́n rí ìyàtọ̀ kan nínú àbùdá tí wọ́n ń pè ní GBA1, tó ń mú kí ewu Parkinson pọ̀ lára àwọn tí orírun wọn jẹ́ Áfíríkà, tí kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí lára àwọn ará Yúróòpù. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ayé fi ń wá ìdí Parkinson nínú ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn. Ìwé orúkọ tí wọ́n tọ́jú dáadáa ní Èkó àti àwọn ìlú mìíràn ló ṣí ilẹ̀kùn yẹn.

Ẹ wá jẹ́ kí a wo àdúgbò wa. Àwọn ará Òsósà ń gbé lórí ilẹ̀ baba wọn. Ẹni tí Ọ̀ṣúntókun rí nígbà náà, ó ṣeé ṣe kí ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀ tí Olúwọlé fi dé. Ta ni Olúwọlé yóò bá ní Agége? Ilé yàrá kọ̀ọ̀kan ni a ń gbé, a ń san owó ọdún kan, onílé á fi owó kún un, a ó kó lọ sí Ìjú, ọdún kejì a ti dé Ifọ̀. Ilé iṣẹ́ tí ń ṣe táyà ní Ìkẹjà nígbà kan kò ṣe é mọ́. Òṣìṣẹ́ ojúmọ́ tó ń ṣiṣẹ́ nípasẹ̀ alágbàṣe lè yí ilé iṣẹ́ mẹ́ta padà láàárín ọdún méjì, kò sì sí nọ́ọ̀sì kankan tó mọ ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ohun tó ń ba iṣan ìmọ̀lára jẹ́ kò ṣọ̀wọ́n ní agbègbè ilé iṣẹ́. Àwọn gọ́ọ̀mù kan àti omi tí wọ́n fi ń fọ nǹkan ní ilé iṣẹ́ ní kẹ́míkà hexane nínú. Lára àwọn tí ń ṣe bàtà ní Japan àti Ítálì ni àwọn dókítà ti rí ohun tó ń ṣe: ẹsẹ̀ á kú, lẹ́yìn náà ọwọ́. Ìrìn rẹ̀ yani lẹ́nu. Bí òṣìṣẹ́ bá tilẹ̀ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, àìsàn náà á ṣì máa le sí i fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, nígbà mìíràn fún oṣù mélòó kan, kí ó tó dúró. Ọmọkùnrin náà á ti kúrò ní ilé iṣẹ́, á ti padà sí ìlú rẹ̀, kí ẹsẹ̀ tó kọ̀ ọ́ pátápátá. Ta ni yóò so ó pọ̀ mọ́ gọ́ọ̀mù? Wọ́n á ní ayé ló ṣe é, wọ́n á ní ó tẹ ohun tí kò yẹ. Mọngáníìsì náà wà, inú èéfín wẹ́dà ló ti ń jáde. Láti 1837 ni James Couper ti kọ̀wé ní Scotland nípa àwọn òṣìṣẹ́ tó ń lọ̀ ọ́, tí ìrìn wọn bàjẹ́, tí ojú wọn le gbagidi, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ Parkinson. Dókítà tí kò mọ̀ pé wẹ́dà ni bàbá tó jókòó níwájú òun ní ogún ọdún sẹ́yìn yóò fún un ní oògùn Parkinson, oògùn náà kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́.

Ilé ìwòsàn kò jìnnà sí wa. LASUTH tó wà ní Ìkẹjà, ilé ìwòsàn kékeré ni ìjọba Western Region dá sílẹ̀ ní 1955, ó sì di ilé ìwòsàn olùkọ́ni ní 2001. Àwọn dókítà wà níbẹ̀ tó mọ iṣẹ́ wọn. Ohun tí wọn kò ní ni àná aláìsàn.

Nítorí náà, ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀yin ọ̀gá ilé iṣẹ́ ni káàdì. Kì í ṣe kọ̀ǹpútà olówó iyebíye. Káàdì tí òṣìṣẹ́ ń mú dání bó ti ń lọ, tí ẹ̀dà rẹ̀ wà ní kílíníìkì. Ọjọ́ tó wọlé iṣẹ́, kí nọ́ọ̀sì gbé fọ́ọ̀kì ìdánwò tó ń gbọ̀n lé e lórí egungun ọrùn ẹsẹ̀, kó bi í bóyá ó mọ̀ ọ́n. Kó kó ẹsẹ̀ pọ̀, kó di ojú. Kó ka lẹ́tà lára ògiri. Kí nọ́ọ̀sì kọ irú iṣẹ́ tí yóò ṣe àti ohun tí yóò máa fọwọ́ kàn. Ọdọọdún, kí wọ́n tún un ṣe. Ọjọ́ tó ń lọ, kí wọ́n tún un ṣe, kí káàdì náà tẹ̀ lé e. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Bí ilé iṣẹ́ bá fẹ́ ti ilẹ̀kùn, kí ẹ̀dà àwọn káàdì náà lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba, kó má lọ bá alágbẹ̀dẹ tó ra irin àtijọ́.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, mo mọ ohun tó wà lọ́kàn yín. Ẹ ò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ orúkọ yín kiri, ẹ sì ní ẹ̀tọ́ láti bẹ̀rù. Ní 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń pa àwọn ọmọ ní Kánò, ilé iṣẹ́ Pfizer fi igba ọmọ ṣe ìdánwò oògùn kan tó ń jẹ́ Trovan, ìdajì wọn ló gbà á, ìdajì kejì gba oògùn mìíràn. Mọ́kànlá kú. Àwọn òbí sọ pé ẹnikẹ́ni kò ṣàlàyé fún àwọn pé ìdánwò ni; ilé iṣẹ́ náà sọ pé oògùn òun kọ́ ló pa wọ́n. Ní 2009, wọ́n gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là fún ìpínlẹ̀ Kánò. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì wà lọ́kàn àwọn ènìyàn, ó sì yẹ kó wà níbẹ̀. Òfin ètò ìlera ti 2014 ti wí i pé a gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ìwádìí fún ènìyàn, kí ó sì fi ọwọ́ sí i, kí a tó fi í sínú rẹ̀. Mo fi èyí kún un: kí wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ ní Yorùbá, tàbí ní Hausa fún àwọn ará wa tó wà ní Agége, kí ó sì lè jáde nígbàkígbà láìpàdánù iṣẹ́. Kí ohun tó wà nínú káàdì má ṣe jẹ́ ohun tí ọ̀gá yóò fi lé e lọ.

Kí àwọn tó ń ṣe ìwádìí sì padà wá sọ èsì. Àìpadàwá yìí ló ń dùn mí jù nínú ìwádìí tí a ń ṣe lórí àwọn ènìyàn wa. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n á wọ ọkọ̀, ẹni tó fún wọn ní ẹ̀jẹ̀ kò ní gbọ́ nǹkan kan mọ́ títí ayé. Èsì tí ń jáde nínú ìwé àwọn onímọ̀ ní London, ó yẹ kí ìyálọ́jà tí wọ́n yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò gbọ́ ọ ní èdè tó yé e, nínú gbọ̀ngàn bí èyí.

Ní báyìí, tí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ti ń gbọ́ èèrà ní àtẹ́lẹsẹ̀ fún ju oṣù kan lọ, tí bàtà ń bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tí kò mọ̀, tí ó ń ṣubú bó bá ń bọ́jú, kó má ṣe lọ gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ kẹ́míìsì lẹ́yìn ìpàdé yìí. Ó lè jẹ́ ìtọ̀ ṣúgà, èyí tó wọ́pọ̀ jù. Ó lè jẹ́ àìtó fítámì. Ó lè jẹ́ ohun tó ń fọwọ́ kàn níbi iṣẹ́. Kó lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Òrílé Agége tàbí LASUTH, kó mú àkọsílẹ̀ gbogbo iṣẹ́ tó ti ṣe rí lọ, láti ìgbà tó ti ń kọ́ṣẹ́, bó ti wù kó pẹ́ tó. Kó ní kí dókítà kọ ọ́ sí fáìlì níwájú òun. Kó sì béèrè ọjọ́ tí òun yóò padà wá.